Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ráífù Ọlọ́ta Kan Lu Ibi Tí A Fojú Sùn

Ráífù tí a ń ṣẹ́ láàárín kí a tó ki ọta kan ṣoṣo bọ̀ ọ́ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdẹ, pàápàá Handi-Rifle tí ilé iṣẹ́ H&R ṣe ní ìlú Gardner, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nítorí pé owó rẹ̀ kò ga, ohun tó sì lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ń fọ́n ọta káàkiri, ọ̀pá rẹ̀ ni ẹni tó ni ín máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹjọ́ ọ̀pá kọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n ṣe so ìbọn náà pọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Igi iwájú, tí a ń fi ọwọ́ gbá mú lábẹ́ ọ̀pá, ni ó ń fa wàhálà jù. Síkúrù kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́ ọ̀pá, òun náà ni kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pá yọ kúrò lójú ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́. Bí igi yìí bá fara ti ọ̀pá níbi tí kò yẹ, yóò máa tì í. Bí ọ̀pá bá sì ṣe ń gbóná sí i ni títì náà ń yí padà, tí ọta kejì àti ìkẹta á fi máa ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn á mú sáńpépà, wọ́n á fá igi náà láìwọ̀n, títí tí yóò fi máa mì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òrùka rọ́bà tín-ín-rín kan yí irin tí síkúrù náà ń wọ̀ ká, láàárín igi àti ọ̀pá, kí àyè díẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹ wá ki bébà kan bọ àyè náà láti iwájú, kí ẹ fà á lọ sẹ́yìn. Ibi tí ó bá ti há nìkan ni kí ẹ fá. Bí síkúrù náà ṣe le tó lọ́jọ́ tí ẹ to awò ìbọn, ìyẹn gíláàsì orí rẹ̀ tí a fi ń fojú sùn, ni kí ó máa le tó nígbàkígbà tí ẹ bá tú u tí ẹ sì tún dè é.

Ẹni tó bá wá gbé orí igi iwájú lé àpò iyanrìn lórí tábìlì ti dá títì náà padà. Ẹ̀yìn ni kí àpò wà, nítòsí ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́, kí ẹ má sì gbé ọ̀pá fúnra rẹ̀ lé ohunkóhun.

Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ju ìbọn tó ti ṣẹ́ pa dé gbàmù. Ìkọ́ tó ń dì í mú á tètè jẹ, kò sì ní í jókòó sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pa á dé, kí agbára tí ẹ fi ń pa á dé má yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi gírísì síbi tí ìkọ́ ti ń jókòó, torí pé bí ibẹ̀ bá ń yọ̀, ìbọn lè ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yìn ín. Ojú ibi tó ti ń ṣẹ́ ni gírísì tọ́ sí, díẹ̀ péré.

Ẹ wo àwọn síkúrù awò náà. Wọ́n máa ń tú láìjẹ́ pé a mọ̀.

Ìbọn ọdẹ ni èyí, ọta àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá tútù ni ó sì sábà máa ń pa àgbọ̀nrín. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti fi ọta mẹ́wàá tí a yìn láìsinmi ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ẹ yin mẹ́ta, kí ẹ ṣẹ́ ìbọn náà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, títí ọ̀pá yóò fi tutù pátápátá.

Àwọn tó ń fúnra wọn tún èèpo ọta kì máa ń ti èjìká èèpo náà, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín lọ sí ọrùn, sẹ́yìn jù. Èèpo bẹ́ẹ̀ á rí àyè nínú ìbọn, á fà, ó sì lè ya nítòsí ìdí rẹ̀. Kí ó ṣáà ti wọlé kí ìbọn sì tì láìjà ti tó.

Òótọ́ ni pé tírígà rẹ̀ máa ń le, líle yìí sì máa ń mú kí ìbọn yẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi fáìlì kàn án nílé. Tí ẹ bá fá a kọjá ààlà, òòlù ìbọn lè já nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ irú rẹ̀, kí ó sì dán òòlù náà wò lójú yín, láìsí ọta nínú ìbọn, kí ẹ tó gbà á padà.