Fún ẹni tó fẹ́ ṣe PhD lórí ìtàn àwọn Júù òde òní
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá fellowship (owó ìrànwọ́ fún ìwádìí), ẹ má kàn kọ ọ́ pé ìtàn àwọn Júù wù yín. Ẹ dárúkọ àkójọ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ tú gan-an. Leo Baeck Institute, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955, ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé àwọn Júù tó ń sọ èdè Jámánì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò látilé. Ti Ìlà Oòrùn Yúróòpù ńkọ́? YIVO ni, ilé ìwádìí lórí àwọn Júù ibẹ̀, ní New York. Èdè ló sì máa ń dènà ọ̀pọ̀ èèyàn: Yiddish tí àwọn Júù Ìlà Oòrùn Yúróòpù ń sọ, Hébérù, Jámánì (Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò tó, kí n má tàn yín). Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tẹ́ ẹ bá a dé sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń béèrè fún fellowship náà.