Mọ́tò Tó Gbé Ìrísí Àtijọ́ Wọ̀: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Gba Owó Lọ́wọ́ Àwa Ará Ìbàdàn

Ẹni tó bá ti rí Excalibur rí, mọ́tò tí wọ́n ṣe lóde òní kó lè jọ ti àtijọ́, ì báà jẹ́ nínú àwòrán, yóò mọ ohun tó ń fa ojú èèyàn mọ́ra lára irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn gbọọrọ, iná iwájú roboto tó dá dúró lọ́tọ̀, máádígáàdì tó tẹ̀ kọrọdọ lórí táyà, sàléńsà dídán tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọdún 1964 ni Brooks Stevens gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Mercedes SSK tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1928 ló wò ṣe é, ṣùgbọ́n ṣáásì (irin ìsàlẹ̀ tó gbé mọ́tò ró) ti Studebaker, mọ́tò Amẹ́ríkà mìíràn, ló wà lábẹ́ èyí àkọ́kọ́. SSK gan-an kò tó 40 tí wọ́n ṣe láyé. Ta ni yóò rí ojúlówó rà nínú ìyẹn? Ìfẹ́ ohun tí ọwọ́ kò lè tó ló bí àwọn mọ́tò wọ̀nyí, ìfẹ́ náà sì tọ́. Bí ọ̀kan bá gbé ìyàwó tuntun kọjá ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ojú ló máa sìn ín lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni owó tí àwọn èèyàn wa ń pàdánù sí i nítorí pé wọn ò béèrè ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú: mọ́tò wo ló wà lábẹ́ rẹ̀?

Àṣìṣe tó tóbi jù nìyẹn, kéèyàn ra bọ́dì kó má wo ṣáásì. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Zimmer Golden Spirit tó dà bíi mọ́tò ọba yẹn, Ford Mustang ni wọ́n fà gùn. Mitsuoka Himiko ti àwọn ará Japan, Mazda MX-5 ni. Panther Kallista, ẹ́ńjìnnì Ford ló ń lò. Orúkọ tó wà níwájú mọ́tò kọ́ lẹ máa fi ra páàtì ní Àràrọmí ní Gate. Orúkọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ni, ìyẹn ló sì máa sọ bóyá ẹ máa rí páàtì lọ́jọ́ kan náà tàbí ẹ máa fi oṣù mélòó kan retí ẹrù láti òkè òkun.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ díẹ̀ lórí àwọn tí wọ́n kọ́ sórí Volkswagen Ìjàpá, torí èmi ka ìyẹn sí èyí tó bá ilẹ̀ wa mu jù. Lọ́dún 1970 sí 1980 ni wọ́n tà wọ́n gan-an ní Amẹ́ríkà: èèyàn á ra bọ́dì tó jọ ti MG TD tàbí Porsche Speedster, àwọn mọ́tò àtijọ́ olókìkí, á sì gbé e lé ṣáásì Ìjàpá. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, àwọn àgbà mẹkáníìkì wa sì mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú, kì í lo omi rárá. Irin tó dà bíi radiétọ̀ níwájú MG yẹn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Bí mẹkáníìkì bá wò ó tó ní radiétọ̀ ti sọnù, kí ẹ ra òmíràn, ẹ yára gbé mọ́tò yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì níwájú, pàápàá ẹ́ńjìnnì ńlá onísílíńdà mẹ́jọ, ni ọ̀rọ̀ omi kàn. Ẹ dán irú wọn wò nínú gosiló Ìwó Road lọ́sàn-án gangan kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì máa wo géèjì ooru rẹ̀.

Àṣìṣe kejì máa ń ba mọ́tò tó dára jẹ́ pátápátá: kí wọ́n gbé bọ́dì fáíbà lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò wọ̀nyí kì í ṣe irin lókè. Òòlù àti iná wẹ́dà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí fáíbà bá sán, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ fáíbà, tó máa yọ ibi tó sán, tó máa fi aṣọ fáíbà àti résìnì dí i láti inú wá. Fáíbà kì í dípẹtà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dípẹtà níbi tójú ò tó. Ẹ bọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ réwáyà náà ń bẹ níbẹ̀. Nínú mọ́tò onírin, bọ́dì fúnra rẹ̀ ló ń dá iná padà sí bátìrì. Fáíbà kì í gbé iná. Iná kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní wáyà áàtì tirẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà, tó dé ṣáásì. Réwáyà tí kò mọ èyí á pààrọ̀ gílóòbù títí, á pààrọ̀ fíúsì, á ní bátìrì ti kú, nígbà tó jẹ́ wáyà áàtì kan ló ti já.

Ẹ má ra èyí tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Nissan Figaro rẹwà, ó kéré, ó wuyì, Micra ló wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn gbogbo 20,000 tí wọ́n ṣe ní 1991 wà. Ẹ jẹ́ kó máa wà nínú àwòrán.

Ìlú tiwa náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣojúure sí wọn. Àwọn mọ́tò wọ̀nyí sún mọ́ ilẹ̀, bọ́ǹpù àdúgbò sì ga. Bí ẹ bá ń gun òkè Mápó, bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn yẹn á bo ọ̀nà mọ́ yín lójú nígbà tí ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí rẹ̀. Ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, awakọ̀ tírélà kì í tètè rí ohun tó bá sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òrùlé aṣọ wọn kì í sábà dá òjò wa dúró, ẹ wá gáréèjì fún un kí ẹ tó wá mọ́tò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń gé Ìjàpá tó ṣì pé, tó ṣì ń rìn, láti fi ṣe àfarawé. Ohun gidi ni wọ́n ń pa kí wọ́n lè rí àwòrán ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ èyí tí bọ́dì rẹ̀ ti jẹrà tán ni, n kò ní wí nǹkan kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń pe àfarawé ní ojúlówó. Ojúlówó Cobra, mọ́tò eré sísá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe àfarawé rẹ̀, tí wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1967 kò ju bíi 1,000 lọ, bẹ́ẹ̀ àfarawé rẹ̀ tó wà láyé ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kò sí ìtìjú nínú àfarawé tí wọ́n bá tà á lórúkọ ara rẹ̀ àti ní iye tó yẹ ẹ́. Ẹ ka nọ́ńbà ṣáásì lára mọ́tò náà fúnra yín, ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì wo irú mọ́tò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ń pe ọdún 1935 tí ìwé ń pe Volkswagen 1972, ìwé ni kí ẹ gbà gbọ́, iye tó bá ìwé mu ni kí ẹ sì dá. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá bára mu, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un.