Wọ́n Ní Ìwádìí Ti Fi Hàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fóònù Yín Tọ Ọ̀rọ̀ Náà Dé Orísun

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Mọ́mì Ayétòrò. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, Ayétòrò ni wọ́n ń gbé ní Òṣogbo níbí, bí gbogbo ẹbí ṣe máa ń pè wọ́n nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá ẹnì kan ju voice note kan sórí WhatsApp ẹbí, ohùn ọkùnrin kan tó dùn-ún gbọ́ bíi ti oníròyìn rédíò, ó ní àwọn sáyẹ́ńtíìsì ní Amẹ́ríkà ti ṣe ìwádìí, omi ewúro láràárọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún á lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ pátápátá, pé èèyàn ò ní nílò oògùn mọ́. Èmi náà gbọ́ ọ, mo kàn kọjá ni, mi ò sọ nǹkan kan. Mọ́mì ò kọjá o. Wọ́n pa oògùn wọn tì, wọ́n ń fọ ewúro láràárọ̀, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, a gbé wọn dé ọsibítù, dọ́kítà wọn ìfúnpá wọn, ó bi wá pé ṣé màmá yìí ń lo oògùn ṣá? A ò rí nǹkan sọ. Ọlọ́run yọ wá, wọ́n dìde. Àmọ́ ó dùn mí dọ́ba, torí ká ní mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ìdí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tó dé, mi ò bá ti sọ fún wọn.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí èèyàn tí kì í ṣe dọ́kítà, tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, tó kàn ní fóònù àti dátà díẹ̀, ṣe lè mú ọ̀rọ̀ "ìwádìí ti fi hàn" kó sì máa tọ̀ ọ́ lọ títí á fi dé ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Kò le. Ìgbà àkọ́kọ́ lè gbà yín tó wákàtí kan, tó bá máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta ọwọ́ yín á ti mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ

Ìwádìí tó bá jẹ́ òótọ́ máa ń ní ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, ọdún tó jáde, àti ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó gbé e jáde. "Àwọn sáyẹ́ńtíìsì ní Amẹ́ríkà" kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá gbọ́ ọ títí tí ẹ ò rí orúkọ èèyàn kan tàbí yunifásítì kan nínú ẹ̀, ẹ má tíì pè é nírọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ mú un dání ná kí ẹ lọ wá a fúnra yín.

Google Scholar, ibi tí Google ti ń wá ìwé àwọn onímọ̀, ni kí ẹ lọ, kì í ṣe Google lásán, torí Google lásán á kó àwọn tó ń ta àgbo bá yín. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, PubMed ni, ọ̀fẹ́ ni, ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó pẹ́ kí n tó mọ̀: tó bá jẹ́ ewé lẹ ń wá, ẹ má kọ orúkọ tí à ń pè é nílé, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni kí ẹ kọ. Ewúro ni Vernonia amygdalina, dóńgóyárò ni Azadirachta indica. Mo kọ Vernonia amygdalina, mo fi hypertension, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì rí i pé ìwádìí wà lóòótọ́, àwọn èèyàn wa ní yunifásítì Nàìjíríà níbí gan-an ṣe nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tí ọkùnrin inú voice note yẹn ò sọ.

Eku ni àbí èèyàn?

Eku ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo rí, eku inú àgò ni wọ́n fún ní oje ewúro. Mi ò sọ pé eku burú, ibẹ̀ ni oògùn máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, mi ò sì bá ewé jà, ewé ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n láti ara eku dé ara Mọ́mì Ayétòrò, ọ̀nà jìn.

Ẹ wo Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba Nobel ní 2015. Ewé lòun náà fi bẹ̀rẹ̀, ewé tí àwọn baba ńlá wọn ti ń lò fún ibà tipẹ́. Ó kà á nínú ìwé àtijọ́ kan tí Ge Hong kọ ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn pé ńṣe ni kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi kí wọ́n fún un, kò sọ pé kí wọ́n sè é, ló bá ronú pé bóyá iná tí àwọn fi ń sè é ló ń pa agbára ẹ̀, ó wá fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní ether yọ oje ẹ̀ láìjẹ́ kó gbóná púpọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1971 oje yẹn pa kòkòrò ibà lára eku pátápátá. Àbí ó wá sáré gbé e jáde pé oògùn ti dé? Rárá. Ní 1972 òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ lò ó fúnra wọn láti mọ̀ bóyá ó léwu, kí wọ́n tó fún aláìsàn. Artemisinin nìyẹn, inú ìdílé oògùn yẹn ni èyí tí à ń rà fún ibà ní kẹ́mísìtì Ọ̀láìyà ti wá. Ewé mìíràn wà tí eku jẹ tí ara ẹ̀ yá, tí èèyàn lò ó tí kò ṣe nǹkan kan.

Torí náà tí ẹ bá wà lórí PubMed, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Clinical Trial" sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó máa yọ eku kúrò, á ku ti èèyàn. Ẹ lè rí i pé ogún ìwé ti di ẹyọ kan tàbí òfo. Òfo yẹn gan-an ti dá yín lóhùn.

Èèyàn mélòó, ta ni wọ́n fi wé ta?

Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ṣe àpẹẹrẹ torí òun ni àwọn ìyá ọmọ máa ń bi mí jù. R21 lorúkọ ẹ̀, Yunifásítì Oxford àti Serum Institute of India ni wọ́n jọ ṣe é, NAFDAC fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2023, WHO ṣe tiwọn ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí 2024. Gbogbo èèyàn ń pariwo 75%, pé bó ṣe ń dín ibà kù tó nìyẹn. Ẹ ṣí ìwé náà fúnra yín, The Lancet, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn, ló gbé e jáde ní 2024. Ẹ má rò pé ẹ máa ka gbogbo ẹ̀, èmi gan-an ò kà á tán, ẹ ka abstract, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú tó wà lókè, kí ẹ wá sún wálẹ̀ síbi tí wọ́n kọ Methods sí, ibi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ ó rí i pé ọmọ bíi 4,800 ni, láti Burkina Faso, Mali, Kẹ́ńyà àti Tanzania, láti ọmọ oṣù márùn-ún dé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ ó rí i pé bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe yan ẹni tó máa gba R21 àti ẹni tó máa gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi tí kò kan ibà, àwọn òbí ò sì mọ èyí tí ọmọ wọn gbà. Kèké yẹn ni ọkàn ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn ìyá tó fẹ́ nìkan ni wọ́n mú, ó lè jẹ́ pé àwọn yẹn náà ló ń lo nẹ́ẹ̀tì dáadáa, tó ń tètè gbé ọmọ lọ ọsibítù, ẹ ò wá ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́ àbí ìyá.

Ohun tí àwọn tó ń pariwo 75% kì í sọ rèé: 75% yẹn jẹ́ ti ibi tí ibà ti ń wá lásìkò kan péré lọ́dún, tí wọ́n sì ń gún ọmọ kí àsìkò yẹn tó wọlé. Níbi tí ibà ti wà yípo ọdún, 68% ni. Ní Òṣogbo níbí tí ẹ̀fọn ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọlidé, èwo lẹ rò pé ó kàn wá? Bóyá 75 bóyá 68, kò túmọ̀ sí pé ọmọ ò ní rí ibà mọ́ láyé, ó túmọ̀ sí pé láàárín ọdún kan, iye ìgbà tí ibà kọ lu àwọn tó gbà á fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àwọn tí kò gbà á. Mo ṣì máa ní kí ẹ gbé ọmọ lọ gbà á tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ẹ má ká nẹ́ẹ̀tì o.

Nísàlẹ̀ ìwé, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Funding sí, ẹni tó gbé owó sílẹ̀. Serum Institute tó ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí wà nínú àwọn tó fowó sí i. Ìyẹn ò sọ ọ́ dirọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìdá ọgọ́rùn-ún máa ń dẹ́rù bani

Ní 2015, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ sọ pé gíráàmù 50 ẹran alágolo, sọ́séèjì àtàwọn bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́, ń fi 18% kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Àwọn èèyàn gbọ́ 18%, wọ́n rò pé nínú èèyàn 100 tó ń jẹ ẹ́, 18 máa ní jẹjẹrẹ. Rárá o. Ká ní nínú èèyàn 1,000 tí kì í jẹ ẹ́, 50 ló máa ní in, 18% lórí 50 jẹ́ 9, á wá di 59. Torí náà nígbàkígbà tí wọ́n bá ní nǹkan fi ìdá báyìí kún tàbí dín in kù, ẹ bi wọ́n pé látorí mélòó?

Ọ̀rọ̀ àwùjọ náà, ìwádìí ni

Kì í ṣe oògùn nìkan. Èyí tó nípa owó, ilé-ìwé, ìgbéyàwó, ó ń wọlé sórí fóònù wa lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ wò ó nílé wa níbí. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, àlejò á kún ìlú, àsìkò òjò sì ni, ìgbà tí ẹ̀fọn pọ̀. Tí ẹnì kan bá kó nọ́ńbà jọ tó wá kọ ọ́ pé ọdún Ọ̀ṣun ló ń fa ibà, nọ́ńbà ẹ̀ lè bára mu, àmọ́ òjò ló mú ẹ̀fọn wá, ọdún kàn bọ́ sínú òjò ni.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń sá fún irú ẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, láti 1998, Edward Miguel àti Michael Kremer, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé, pín ilé-ìwé 75 sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn kan kọ́kọ́ gba oògùn aràn, àwọn yòókù dúró de ọdún tiwọn, wọ́n wá fi wọ́n wéra. Ní 2004 wọ́n gbé e jáde pé pípa ilé-ìwé jẹ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Kremer wà nínú àwọn mẹ́ta tó gba Nobel ọrọ̀-ajé ní 2019. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ wọn fún àwọn ẹlòmíì ní London pé kí wọ́n tún un ṣírò, àwọn yẹn rí àṣìṣe nínú ẹ̀, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 2015. Ẹni tó bá kó ìwé ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni mo máa kọ́kọ́ fetí sí.

Ẹ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀

Ẹ gbọ́ ti Ifẹ̀ tó wà nítòsí wa. Tipẹ́tipẹ́ làwọn kan ti ń sọ pé àwọn baba wa ò lè ṣe gíláàsì fúnra wọn, pé gíláàsì ìlú òkèèrè ni wọ́n ń yọ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Abidemi Babatunde Babalola, onímọ̀ tó ń wú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá gbẹ́lẹ̀ ní Igbó Olókun, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ àti àjákù gíláàsì tó pọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ti ibẹ̀ ni? Wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, èròjà méjì tí wọ́n ń pè ní lime àti alumina pọ̀ nínú ẹ̀ lọ́nà tí kò jọ ti Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá. Ẹni tó ń jẹun ní ìdí ìlẹ̀kẹ̀ níbí mọ ohun tí mò ń sọ, ó mú ayọ̀ bá mi gan-an. Tí ìròyìn kan ò bá lè sọ bí wọ́n ṣe mọ̀, tó kàn sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ẹ padà lọ wá ìwé náà.

Méjì tó kù kí ẹ ṣọ́ra fún. Tí ẹ bá rí arXiv, medRxiv tàbí bioRxiv, àwọn ojúlé tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwé wọn sí, tàbí ọ̀rọ̀ náà preprint, ẹlẹgbẹ́ wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Ní oṣù keje 2023 àwọn kan ní Gúúsù Kòríà gbé LK-99 sórí arXiv, nǹkan tí iná lè gbà kọjá láìpàdánù rárá nínú ooru lásán, gbogbo ayé yọ̀, èmi náà ti ń ronú nípa iná ìlú wa, kí oṣù kẹjọ tó parí àwọn mìíràn ti gbìyànjú ẹ̀ káàkiri, kò ṣiṣẹ́. Èkejì ni RETRACTED, ìyẹn ni pé wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ìwé Wakefield ti 1998 tó dá a lábàá pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè wà lára ohun tó ń fa autism, ipò kan tó ń mú kí ọmọ máa sọ̀rọ̀ kó sì máa hùwà lọ́nà tó yàtọ̀, ọmọ 12 péré ló lò, The Lancet fà á kúrò ní 2010, àwọn èèyàn ṣì ń fi ránṣẹ́ síra wọn títí dòní.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó ka ìwé, ẹ má sanwó. Ẹ tẹ "All versions" lábẹ́ ẹ̀ lórí Google Scholar, ọ̀fẹ́ lè wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ìmeèlì ẹni tó kọ ọ́ wà lójú ìwé, ẹ kọ̀wé sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, gbólóhùn mẹ́ta ti tó, ọ̀pọ̀ wọn inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ wọn.

Bí ẹ ṣe máa sọ fún àgbà

Ẹ má dá wọn lóhùn lójú gbogbo ẹbí, wọ́n á kàn bínú ni, wọ́n á sì di ewúro wọn mú. Ẹ pè wọ́n, tàbí kí ẹ fi voice note ránṣẹ́ sáwọn nìkan, torí ohùn ló mú wọn, ohùn ló lè tú wọn. Èyí tí mo máa ń sọ rèé: "Ẹ kú ilé mà. Mo gbọ́ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì wá a dé ìdí. Eku ni wọ́n fi dán an wò mà, wọn ò tíì fi hàn pé ó ń wo èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ bi dọ́kítà lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ."

Mọ́mì Ayétòrò ti padà sídìí oògùn wọn. Lálẹ́ àná wọ́n fi fídíò kan nípa àlùbọ́sà àti ìtọ̀ ṣúgà ránṣẹ́ sí mi, èmi nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, wọn ò gbé e sórí ti ẹbí, wọ́n wá sọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ọmọ mi, bá mi wò ó, èèyàn ni àbí eku?"