Èèpo Ọsàn Dípò Díẹ̀ Lára Àgbàdo fún Abo Ehoro Tó Ń Bímọ

Lásìkò ọyẹ́, tí ọsàn bá pọ̀ lọ́jà, èèpo rẹ̀ a kún ìdí igbá àwọn tó ń tà á, àwọn agbálẹ̀ ló sì ń kó o dànù. Ẹni tó ń sin ehoro lè gbà á, kó sá a gbẹ, kó sì fi dín àgbàdo tó ń rà kù. Ṣùgbọ́n agbára nìkan ni èèpo lè fún ẹran bíi ti àgbàdo. Purotéènì inú àgbàdo tó nǹkan bí 9 nínú 100. Ti èèpo ọsàn gbígbẹ kò ju nǹkan bí 6 sí 7 lọ. Abo tó ń fọ́mọ lọ́mú sì ń fẹ́ nǹkan bí 17. Ẹni tó bá yọ àgbàdo tó sì da èèpo sí i láìfi sóyà kún un, abo rẹ̀ á jẹun yó, wàrà ò ní tó, àwọn ọmọ á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí.

Sísá rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n bó o gan-an ni kí ẹ gbà á. Ẹ tú u wò dáadáa, torí abẹ ni àwọn tó ń ta ọsàn fi ń bó o, àjákù abẹ a sì máa há sínú rẹ̀. Ẹ má kó èyí tó ti sùn mọ́jú nínú ọ̀rá; ó ti gbóná, ó ti ń kan.

Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì, ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Èyí tí wọ́n fi abẹ bó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbẹ láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Èyí tí awọ funfun ṣì wà lára rẹ̀ lè tó ọjọ́ 5, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó ṣẹ́ pẹ́kẹ́, ó ti gbẹ. Tó bá ń tẹ̀ bí awọ bàtà, ẹ dá a padà sóòrùn. Kìlógíráàmù 10 tútù kì í ju 2 sí 2.5 lọ tó bá gbẹ. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gbé àpò rẹ̀ lé orí pákó.

Èyí tó bá bu, ẹ sun ún. Ẹ má ṣa ibi tó dára níbẹ̀: oró aflatoxin tí bíbu ń mú wá kò ṣeé fojú rí, ẹ̀dọ̀ ẹran ló sì ń bà jẹ́.

Pípo oúnjẹ kìlógíráàmù 10

Àgbàdo lílọ̀ 2.5
Èèpo ọsàn lílọ̀ 1
Èérí àlìkámà 3.2
Ìdàrọ́ ẹkùrọ́ (èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n fún epo rẹ̀ tán) 1.5
Ìdàrọ́ sóyà 1.5
Egungun lílọ̀ gíráàmù 200
Iyọ̀ gíráàmù 50
Prímíìsì (àpòpọ̀ fítámì àti èròjà aṣaralóore tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ ẹran) gíráàmù 50

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n, tí a sá gbẹ, lè gba ipò ti ọsàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi píà dán an wò láé, ì báà ṣe èèpo, ewé tàbí kóró rẹ̀. Ó ń mú kí ọmú abo wú, kí wàrà gbẹ, ó sì ń pa ehoro.

Fífún ẹran

Èèpo korò díẹ̀, ikùn ehoro kò sì fẹ́ àyípadà òjijì. Ẹ fi ọjọ́ 10 pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ oúnjẹ tí wọ́n mọ̀. Abo tí kò lóyún, gíráàmù 100 lójúmọ́ tó o. Tó bá sanra jù, oyún kì í tètè dúró. Aboyún, 120 sí 150. Tó bá ti bímọ, ẹ jẹ́ kó jẹ tẹ́rùn, kí omi má sì tán níwájú rẹ̀. Koríko gbígbẹ, yúnyun tàbí ewé ànàmọ́ tí ẹ ti jẹ́ kó rọ gbọ́dọ̀ wà lójoojúmọ́, nítorí fáíbà (okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú ewé àti koríko) tó wà nínú oúnjẹ pípò yìí kò tó.

Ẹ máa wo ìgbẹ́ wọn láràárọ̀. Kóro rírọ̀ tó ń dán, tó so pọ̀, kì í ṣe àrùn; òun ni ehoro máa ń jẹ padà láti ìdí ara rẹ̀. Ìgbẹ́ olómi tó lẹ̀ mọ́ ìdí ni àrùn. Ẹ dá oúnjẹ pípò dúró fún ọjọ́ 2, koríko gbígbẹ àti omi nìkan ni kí ẹ fún un.

Ẹ yẹ ọmọ wò lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bí wọn: ikùn tó yọ rógódó ti rí wàrà, awọ tó hunjọ kò rí. Lọ́jọ́ 21, ẹ wọn gbogbo ọmọ abo kan pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá fúyẹ́ ju ti ìbí tó kọjá lọ, tí iye ọmọ sì jọra, ẹ dín èèpo kù sí gíráàmù 500, kí ẹ dá àgbàdo padà sí ipò rẹ̀.