Ẹ wọn ẹsẹ̀ kí ẹ tó sanwó kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tó fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò ní jíà rìn láti Òkè-Fìà dé Ọlá-Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, gígùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yan férémù, ìyẹn egungun irin kẹ̀kẹ́. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ìwé líle há àárín itan lókè pátápátá, kí ẹ wọn ibẹ̀ délẹ̀. Ẹ fi 0.66 sọ ọ́ di púpọ̀: sẹ̀ǹtímítà 80 á fún yín ní férémù bíi 53. Ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí ni wọ́n ti ń wọn férémù dé ibi tí ọ̀pá ìjókòó ti wọlé. Títóbi táyà kò kàn án.

Tó bá kéré jù, ẹ ó fa ọ̀pá ìjókòó kọjá àmì òpin tó wà lára rẹ̀, ìyẹn sì lè kán. Tó bá tóbi jù, irin àárín, èyí tó so ìjókòó pọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, á gbá yín lábẹ́ bí ẹ bá dúró lójijì.