Ìbò Gómìnà Tí Mo Dì ní Guam, àti Ìwé Kan Tó Fẹ́ Dù Mí Ní In

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là tí a san kí ìwé ẹyọ kan, sítífíkéètì tó fi hàn pé mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tó ti Houston dé Guam, erékùṣù tó wà lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ná dọ́là, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Owó yẹn ṣì ń dùn mí. Ohun tó tún dùn mí jù ú lọ ni ìdìbò abẹ́lé tí ìwé náà jẹ́ kí n pàdánù. Mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá wà ní Texas àti ní Maryland tí wọ́n ń fi iṣẹ́ Guam lọ̀. Wọ́n á sọ iye owó oṣù fún yín, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa bá yín sọ̀rọ̀ ìbò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú. Ọdún 1898 ni Amẹ́ríkà gba Guam lọ́wọ́ Spain. Láti 1950 ni òfin ti sọ àwọn ará ibẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, wọ́n jẹ́ 153,836. Síbẹ̀ ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ààrẹ. Lọ́dún ìbò ààrẹ, wọ́n máa ń dì í láàárín ara wọn kí ayé lè mọ ibi tí ọkàn wọn wà, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀. Wọn kò ní sẹ́nétọ̀ kankan ní Washington. Aṣojú kan ṣoṣo tí wọ́n ní ní ilé aṣojú-ṣòfin lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá di pé kí wọ́n dìbò ìkẹyìn lórí àbá òfin, kò ní ìbò.

Èmi tí mo ti ń dìbò ààrẹ ní Houston láti ìgbà tí mo ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí mo kó dé Guam ni ẹ̀tọ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí ó bá jẹ́ Ìbàdàn ni mo kó padà sí, òfin fi dandan lé e pé kí Texas fi ìwé ìdìbò ààrẹ ránṣẹ́ sí mi níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ Saipan ni, erékùṣù Amẹ́ríkà mìíràn tó múlé gbe Guam gan-an, wọ́n á fi ránṣẹ́ bákan náà, nítorí òfin 1986 tó dá lórí ìbò àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà lẹ́yìn odi ka Saipan sí ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n Guam, Puerto Rico, Virgin Islands àti American Samoa, inú ilé ni òfin yẹn kà wọ́n sí. Ẹni tó bá ti ìpínlẹ̀ kan kó lọ síbẹ̀ ti fi ìbò ààrẹ sílẹ̀ nìyẹn. Mo ka òfin yẹn lákàtúnkà, n kò rí ìdí kan tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìbò gómìnà ló wá kù. Ìyẹn gan-an, wọ́n jà kí wọ́n tó rí i gbà. Àwọn ọ̀gá ológun ojú omi ló ń ṣàkóso wọn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ààrẹ ní Washington ló ń yan gómìnà fún wọn. Ọdún 1968 ni òfin gbà kí wọ́n máa yan gómìnà tiwọn, wọ́n sì kọ́kọ́ dì í ní 1970. Carlos Camacho ló wọlé. Nígbà tí mo dé, ọmọ rẹ̀, Felix Camacho, tí òun náà ti ṣe gómìnà láti 2003 sí 2011, ló ń bá Lou Leon Guerrero dupò ní 2022. Nọ́ọ̀sì ni Leon Guerrero kó tó di olórí báǹkì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di gómìnà Guam, lẹ́yìn ìbò 2018. N kò ní sọ ẹni tí mo dìbò fún, ṣùgbọ́n inú mi dùn gidigidi láti rí orúkọ nọ́ọ̀sì lórí ìwé yẹn.

Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí láísẹ́ǹsì mi, orúkọ bàbá mi ló wà lórí àwọn ìwé mi àtijọ́, ìwé ìrìnnà mi sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Obìnrin tó dá mi lóhùn fara balẹ̀ ṣàlàyé pé kí n mú sítífíkéètì tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìbúra wá, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó. Ìwé ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ mi. Sítífíkéètì wà ní Houston, nínú àpótí onírin lọ́dọ̀ àbúrò mi, níbi tí iná tàbí omi kò ti lè bà á jẹ́.

Àbúrò mi gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan tí gbogbo ayé mọ̀. Kò pẹ́ tó fi pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Guam kì í ṣe Amẹ́ríkà o. Wọ́n ní kí n kọ fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù." Mo ní kó sọ fún wọn pé Amẹ́ríkà ni. Ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí òun, pé Guam kò sí láàárín àwọn ìpínlẹ̀, àfi láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, lókè Guatemala. Wọ́n bi í pé èló ni ohun tó wà nínú àpò náà tó. Èló ni ènìyàn lè pe ìwé tó sọ ọ́ di ọmọ ìlú? Ó san iye tí wọ́n dá lé e, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ìwé náà kò wá dé. Nọ́ńbà tí a fi ń tọpa rẹ̀ sọ pé ó ti wọ erékùṣù, ó sì dúró síbẹ̀. Mo pè wọ́n. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Texas, òru ti dé bá wa ní Guam, nítorí náà ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mo máa ń pè, tí ojú ti ń kún fún oorun. Ẹni tó bá gbé e á bi mí pé, "Orílẹ̀-èdè wo?" Èmi á bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní awakọ̀ kò rí ilé mi. Ọ̀pọ̀ ilé ní Dededo, ibi tí mo ń gbé ní Guam, nọ́ńbà ilẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe wọn, àpótí pósófíìsì sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gba lẹ́tà. Mo fún wọn ní àpótí tèmi. Wọ́n ní àwọn kì í gbé ẹrù lọ sínú àpótí pósófíìsì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá gbà á fúnra mi. Wọ́n ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ̀wé láṣẹ. Àbúrò mi kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn kò rí i gbà. Ó tún un kọ.

Lẹ́nu gbogbo eléyìí, ìdìbò abẹ́lé ti 27 oṣù kẹjọ kọjá. Ìbò tí Leon Guerrero bá Michael San Nicolas, aṣojú wọn ní Washington nígbà náà, du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Democrat nìyẹn, ó sì gbóná ju ti ìkẹyìn lọ. Kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kó tó dì í, kó ṣáà má ti da ẹgbẹ́ méjì pọ̀ lórí ìwé kan, nítorí ìwé náà á bàjẹ́. Mo ti mọ gbogbo èyí, mo ti múra sílẹ̀, mo sì jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Arábìnrin ará Philippines kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá là mí lójú pé iye tí wọ́n ń san láti Houston sí Dallas náà ni pósófíìsì ìjọba ń gbà láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Guam. Nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 969, wọ́n sì kà á mọ́ ti gbogbo Amẹ́ríkà. Ká ní lẹ́tà lásán ni àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti pósófíìsì, ìwé yẹn ì bá ti wà nínú àpótí mi.

Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní kí n jẹ́ kó lọ, pé ìbò kan kò lè yí nǹkan kan padà. Mo sọ ti 1998 fún wọn. Ní Guam, gómìnà àti igbákejì rẹ̀ ń dupò pọ̀ bíi tiwa ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àtúndì ni. Lọ́dún yẹn, Carl Gutierrez ní 24,250, Joseph Ada ní 21,200. Ìwé ìdìbò tí wọ́n gbà lápapọ̀ jẹ́ 48,666, ṣùgbọ́n 1,313 nínú wọn kò mú ẹnikẹ́ni fún ipò gómìnà. Tí ènìyàn bá ka àwọn ìwé òfìfo yẹn mọ́ ọn, Gutierrez kò tó ìdajì, 49.83 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní. Tí a bá yọ wọ́n kúrò, ó ní 51.21. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní Washington, àwọn adájọ́ sì fohùn ṣọ̀kan ní oṣù kìn-ín-ní 2000 pé ìbò tí wọ́n dì fún gómìnà nìkan ni ká kà. Àwọn tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo erékùṣù padà sí ibùdó ìdìbò. Ta ló máa wá sọ fún mi pé ìbò tèmi kò jẹ́ nǹkan kan?

Wọ́n fún mi ní sítífíkéètì náà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, láìsí "ẹ pẹ̀lẹ́" kankan. Ìforúkọsílẹ̀ kò gba àkókò rárá. Ní 8 oṣù kọkànlá, mo lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń dìbò ní Dededo, mo kun àmì róbótó iwájú orúkọ àwọn tí mo fẹ́, ẹ̀rọ gbà á wọlé. Guam fi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú New York nígbà náà, nítorí náà a ti parí ìbò tiwa kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ibùdó wọn. Mo ya fọ́tò níta, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, orí mi wú. Leon Guerrero àti igbákejì rẹ̀, Josh Tenorio, borí, wọ́n sì ju ìdajì lọ, kò la àtúndì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀, ẹ gbé sítífíkéètì yín sínú báàgì tí ẹ máa gbé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ parí ọ̀rọ̀ orúkọ inú ìwé ìrìnnà kí ẹ tó kúrò ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ gba àpótí pósófíìsì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé, nítorí wọ́n máa ń kún. Tí ìbò ààrẹ bá ṣe pàtàkì sí yín ju owó oṣù lọ, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́.

Ọdún 2026 ni ìbò gómìnà tó tẹ̀lé e. Leon Guerrero kò lè dupò náà lẹ́ẹ̀kẹta léraléra, nítorí náà ẹlòmíràn ló máa wọlé. Orúkọ mi ti wà nínú ìwé olùdìbò Dededo báyìí. Ìdìbò abẹ́lé tí wọ́n fi dù mí ní 2022, màá dì í lọ́tẹ̀ yìí.