Àṣìṣe tí àwọn aṣojú máa ń ṣe ní sẹ́néètì yunifásítì

Bí ẹ̀ka yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn yín sí sẹ́néètì, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń jíròrò ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ẹ má rò pé inú gbọ̀ngàn ìpàdé nìkan ni iṣẹ́ yín wà. Ọ̀pọ̀ aṣojú á dé, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí ìwé tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á nawọ́ nígbà tí ẹni tó jókòó tì wọ́n bá nawọ́, ó parí.

Ẹ wo irú àbá yìí: ẹ̀ka kẹ́místírì fẹ́ yọ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kúrò nínú kọ́ọ̀sì ọdún kìn-ín-ní kan. Aṣojú ẹ̀ka ìtàn ní ọ̀rọ̀ òun kọ́ nìyẹn, ó fọwọ́ sí i. Àṣé kọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó bọ́ sí ọdún kejì. Aṣojú nọ́ọ̀sì wà níjòókòó, àmọ́ kò bi ẹnikẹ́ni lẹ́ka rẹ̀ kó tó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ojú àwọn tó rán yín níṣẹ́ lẹ fi ń wo àbá.

Ẹ má sì fo ìgbìmọ̀ kéékèèké dá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Ìbéèrè lórí kẹ́místírì yẹn ì bá ti jáde níbẹ̀. Àtúnṣe tí èèyàn sáré kọ lórí ìdúró kì í sábà gún.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé a máa ń gbà kí ìfitónilétí dípò ìfikùnlukùn. Bí ìpinnu bá ti parí kí wọ́n tó mú un wá, wọn ò bi yín ní nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́ síta, kí ó wọ àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Àwọn kan tún rò pé ibi tí sẹ́néètì bá fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni abẹ gé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé ìlànà tí AAUP, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà, jọ ṣe pẹ̀lú àjọ méjì mìíràn ní 1966 fi ètò ẹ̀kọ́, ọ̀nà ìkọ́ni àti ìwádìí lé àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní pàtàkì. Ìgbìmọ̀ olùdarí ṣì lè kọ ìpinnu wọn, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí fún àwọn olùkọ́. Nítorí náà, bí àbá yín bá ti lọ, ẹ béèrè èsì ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ gba ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ gbé e padà fún ẹ̀ka yín.